Ohun Tí Ọwọ́ Mi Kùn Létí Kánààlì

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi mú búrọ́ọ̀ṣì dání ní ìlú Ìlọrin yìí kí n tó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo ni ká kọ́, iṣẹ́ wo ni ká fi sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kí n ro tèmi fún yín. N kò sọ pé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ mi, n kò sì sọ pé kí ẹ má kọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ lè ṣe fún ojú ènìyàn ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, bí mo bá rántí rẹ̀ lójijì títí di òní, ara mi á bù máṣọ.

Gàníyù ni orúkọ mi. Bàbá Àtíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

Òkè-Oyi ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìyá mi sì máa ń ta iṣu àti àgbàdo lẹ́bàá títì fún àwọn tó ń wakọ̀ kọjá. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi èédú ya màlúù àwọn Fúlàní sára ògiri ilé wa. Mo rò pé bàbá mi máa nà mí lọ́jọ́ tó rí i. Kò nà mí. Ó dúró, ó wo màlúù náà títí, ó ní, "Èyí jọ màlúù o." Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé mi wọ Ìlọrin, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Sálíù, tó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, tó sì ń ya àwòrán. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ lórí owó, n kò gbọ́, n kò sì bèèrè. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi.

Ọ̀gá Sálíù kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò jẹ́ kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kan iṣẹ́ oníbàárà kankan. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán, ilẹ̀kùn àlòkù kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá máa fi ẹfun fa ìlà sí i lára láti òkè dé ilẹ̀, láìlo rúlà. Ọ̀gá á sọdá sí òdìkejì títì, á di ojú kan, á fi ìkejì wò mí.

"Gàníyù!"

"Sà!"

"Ìlà kẹta yẹn ń rìn bí ọ̀mùtí. Nù ún."

Màá nù ún. Màá tún un fà. Nígbà mìíràn, ó di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Àsárì kí n tó rí ìlà kan ṣoṣo tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ọdún kejì, onígbàjámọ̀ kan ní Tanke gbé iṣẹ́ fún wa. Ó fẹ́ kí a ya orí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta sára pátákó rẹ̀, kí àwọn ọmọ yunifásítì lè máa yan irú gígẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́. Ọ̀gá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Inú mi dùn débi pé n kò wo ohun tí mò ń ṣe dáadáa. Nígbà tí a gbé pátákó náà dé Tanke, onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sún mọ́ ọn.

"Etí ta nìyí, Gàníyù?"

"Etí ènìyàn ni, sà."

"Ènìyàn wo? Etí ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gangan ojú, á parí ní ọ̀gangan imú. Ti ìwọ ti já bọ́ sí àgbọ̀n. Gbé pátákó yẹn rù."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Tanke dé ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Ọjà-Ọba, pátákó lórí, nínú oòrùn. Ọ̀gá ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, kí n dáhùn pé, "Èmi ni mo kùn ún." Mo dá ènìyàn bíi mọ́kànlá lóhùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí, àmọ́ láti ọjọ́ náà n kò tún gbé etí sí ibi tí Ọlọ́run kò gbé e sí. "Wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó kùn ún lẹ́ẹ̀kan," bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń wí. Ó tún kọ́ mi pé kí n máa kọ orúkọ mi, oṣù àti ọdún sí ẹ̀yìn iṣẹ́ yòówù tí mo bá ṣe. Mo bi í pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní, "Kí o má baà lè sẹ́ ẹ ni."

Mo gba òmìnira, mo fẹ́ ìyàwó, a bí Lúkú, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ibi tí mo ti rí ṣọ́ọ̀bù náà gbà ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Odò kékeré kan ló gba àdúgbò náà kọjá tẹ́lẹ̀, ó ń ṣàn lọ bá odò Asà. Nígbà tó yá, ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n fi kọnkéré mọ ògiri gíga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ṣe bíríìjì kékeré sí i, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní kánààlì. Etí rẹ̀ gan-an ni a wà. Ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ni ti Mùmíní alágbàfọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Àsímáù, ìyá Ràmátù. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ń gbé, ẹ̀yìn yàrá náà sì kan ògiri kánààlì. Mùmíní ni ó ń lọ aṣọ, Àsímáù ni ó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń sá a. Bí obìnrin náà bá ń sá aṣọ, ó máa ń bá aṣọ sọ̀rọ̀. Á ní, "Ìwọ agbádá yìí, olówó rẹ kò mọ̀ pé o ti ń gbó." Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó ṣí ilẹ̀kùn tèmi tán.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà nígbà náà. Látorí ẹfun àti rúlà, a bọ́ sórí fíìmù tí wọ́n fi ń ya egungun aláìsàn ní ọsibítù. A máa ń gé lẹ́tà sí i lára, a ó fi fóòmù tẹ ọ̀dà gba inú rẹ̀. Bí o bá gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀, wàá rí egungun ìhà ènìyàn nínú lẹ́tà tí o gé. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí oníbàárà mi kan mú mi lọ sí Tanke, tí mo rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fẹ́lẹ́ẹ̀sì, pátákó oníke ayé òde òní. Ọ̀dọ́mọdé kan jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kí n tó mu omi ọ̀rá kan tán, pátákó tí ì bá gbà mí lọ́sẹ̀ kan gbáko ti jáde, ó ń dán, ojú olówó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Mo ní, "Sùbúhánàlláhì, iṣẹ́ mi ti kú lójú mi."

Irọ́ kọ́. Láàárín ọdún méjì, gbogbo oníbàárà mi ti gba ibẹ̀ lọ. Ohun tó kù fún mi ni kí n máa kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri àwọn tó ń jà du ogún.

Ìgbà tí nǹkan rí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ kánààlì wa ni. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, GRA ló ń gbé. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ṣì ń fi ọwọ́ ya àwòrán."

"Mo ṣì ń yà á, sà."

"Mo fẹ́ àwòrán kánààlì yìí, kí ó tóbi, kí ó gba ògiri pálọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí bíríìjì ní òwúrọ̀. Kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ létí ẹ̀ wà níbẹ̀. Kí àlejò mi lè rí ohun tí mo ṣe fún ìlú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi jókòó lórí bíríìjì yẹn. N kò ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo kun ìyá oníwàrà tó ń ṣan igbá rẹ̀. Mo kun fọkanáísà tó tẹ etí mọ́ táyà bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Mo kun àwọn ọmọ ilé kéwú tó gbé wàláà dání, tí wọ́n tò lọ lórí bíríìjì. Mo kun ọlọ́kadà tó ń fọ ọ̀kadà rẹ̀, àti ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí. Mo kun Mùmíní nídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, mo kun Àsímáù láàárín aṣọ tó sá, mo sì kun ògiri kánààlì lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ewédò tó hù sí i lára àti ibi tí omi ti fi àwọ̀ sí. Àlùfáà kan ní àdúgbò wa máa ń sọ fún mi pé wọ́n á ní kí n fẹ́ ẹ̀mí sínú gbogbo wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní Ọlọ́run á ṣàánú mi.

Nígbà tí mo parí, mo kọ orúkọ mi, oṣù àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnjiníà gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó san owó mi, mo lọ sílé.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe é.

Ọjọ́ Àlàmísì ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n òjò Ìlọrin kì í ṣe ohun tuntun. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo omi kánààlì tó ti di pupa tó ń ga sókè. Mùmíní ti gbé aṣọ àwọn oníbàárà lọ sí Tanke. Mo gbọ́ ohùn Àsímáù nínú yàrá wọn, ó ń gbé àwọn nǹkan kúrò nílẹ̀ nítorí omi ti ń yọ́ wọlé. Mo ní, "Ìyá Ràmátù, ṣé kò sí wàhálà?" Ó ní, "Kò sí o, Bàbá Àtíìsì, àwọn aṣọ yìí ni mo fẹ́ gbé sókè."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo gbọ́ ariwo bí ìgbà tí típà bá da òkúta sílẹ̀. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo sáré jáde, mo wo apá ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀bù Mùmíní kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò sọ pé ó wó o. Mo ní kò sí níbẹ̀. Ògiri kánààlì ti ya, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a lọ, omi pupa ló ń yí níbi tí ènìyàn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo pariwo. Àwọn ọkùnrin sáré dé pẹ̀lú okùn. Ta ni ó lè wọ inú omi yẹn? Nígbà tí òjò dá díẹ̀, Mùmíní dé. Ó ṣì mú hángà mẹ́ta dání. Ó wo ibẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ibẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àtíìsì, ṣé wọ́n ti kó ṣọ́ọ̀bù wa kúrò níbí ni?" Ó rò pé òun ṣìnà ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gba àwọn hángà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ọ̀, wọ́n rí Àsímáù nísàlẹ̀ odò. A sin ín lọ́jọ́ náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Ẹnjiníà ránṣẹ́ pè mí sí GRA. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi kẹ́dùn ni. Ó mú mi dúró níwájú àwòrán náà, ó na ìka sí apá kan lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ibí. Kí lèyí?"

Mo tẹ̀ síwájú. Lára ògiri kánààlì, lẹ́yìn yàrá Mùmíní gan-an, mo rí ibi tí ògiri ti lanu. Ó gùn láti orí ògiri dé inú omi, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ó sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Omi pupa díẹ̀ ń sun jáde nínú rẹ̀. Èmi ni mo kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ nínú ohun tí mo ní ni mo fi kùn ún.

Ẹnjiníà ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà yẹn, àbí ẹ̀yin lẹ fi kún un kí àwòrán lè dùn?"

"N kì í fi nǹkan kún un, sà. Ohun tí mo bá rí ni mò ń kùn."

"Ẹ rí i nígbà náà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn kan péré ni, ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi dídì lé mi lórí. Mo rántí òwúrọ̀ yẹn. Mo rántí pé mo po dúdú díẹ̀ mọ́ búráùn, tí mo tún fi pupa kan án, tí mo ní nínú ara mi pé, "Àwọ̀ yìí mà dára o." Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí ewúrẹ́. Ògiri tó máa pa ènìyàn, mo wo ẹnu rẹ̀ fínnífínní, n kò sọ fún ẹnì kankan. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ láìtọrọ àyè.

Ó jókòó tì mí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Àwọn ènìyàn ìjọba ń bọ̀ wá ṣèwádìí. Ẹ gbé àwòrán yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi ọ̀dà bo ibẹ̀. Ẹ kun ewédò sí i tàbí kí ẹ fi aṣọ kan kọ́ ọ. Gbogbo ilé tí mò ń kọ́, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa kùn wọ́n. Ẹ ti dàgbà, Bàbá, ó yẹ kí ẹ sinmi wàhálà."

Mo gbé e. N kò ní purọ́ fún yín, mo gbé e. Mo ti ń ronú ilé tí mo máa kùn kí ọkọ̀ tí mo gbé e sí tó jáde ní GRA. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo po ọ̀dà tó jọ àwọ̀ kọnkéré, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fà á lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ìdajì ẹnu ògiri náà pa dé. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ "Sàlámù àlékùn." Mo fa aṣọ bo àwòrán náà kíá. Mùmíní ni. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò bo iṣẹ́ mi fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ti rù. Ó ní, "Bàbá Àtíìsì, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ bá mi kọ orúkọ Àsímáù sára pátákó kékeré kan, kí n fi sí ibi sàréè rẹ̀. Àwọn sàréè tó wà níbẹ̀ ti pọ̀, lánàá mo ṣi tirẹ̀ mọ̀. Orí sàréè ẹlòmíràn ni mo ti ń ṣe àdúà."

Ó na pátákó náà sí mi. Mo gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń pa ẹnu ògiri dé ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo wo búrọ́ọ̀ṣì, mo wo pátákó. Mo ní, "Mùmíní, jọ̀ọ́, padà wá lọ́la." Bó ṣe jáde, mo rọ kẹrosíìnì sórí àkísà, mo nu ọ̀dà tuntun náà kúrò lára àwòrán, ẹnu ògiri sì tún là. Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀ tí mò ń sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá Lúkú, a ti ń jẹ ẹ̀kọ láìsí ẹran tipẹ́, kò pa wá."

Ilé Alángùá, olórí àdúgbò wa, ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Àwọn ènìyàn ìjọba mẹ́ta jókòó, Ẹnjiníà jókòó tì wọ́n, gbogbo àdúgbò kún ọgbà. Ẹnjiníà dìde. Ó ní, "Mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí ẹ ń dà sínú kánààlì ló dí omi lọ́nà. Ògiri yẹn kò ní àbùkù kankan títí di ọjọ́ òjò. Ta ló lè sọ pé òun rí àbùkù lára rẹ̀?"

Mo gbé àwòrán náà wọlé, mo ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Mo ní, "Èmi."

Ẹnjiníà wò mí bí ẹni rí òkú tó jí. Àwọn ènìyàn dìde lọ wò ó, ariwo ta. Àgbà nínú àwọn ará ìjọba fi awò sójú, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ka oṣù àti ọdún tí mo kọ síbẹ̀. Ó kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ó ju oṣù mẹ́jọ lọ ṣáájú òjò. Ẹnjiníà jókòó.

Mo rò pé ó parí. Ìyá oníwàrà ló dìde, obìnrin tí mo kùn tó ń ṣan igbá. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Àtíìsì, ẹ̀yin náà rí i. Oṣù mẹ́jọ. Ẹ kò sì sọ fún wa."

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí wọ́ lójú mi, mo sì jókòó mo ya bí ó ṣe wọ́. Mo wá ohun tí mo lè sọ, ohun tí mo rí sọ kò ju pé, "Àwọ̀ rẹ̀ ni mo rí. N kò rí ewu rẹ̀." Gbogbo òtòkùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Mùmíní dìde nígbà náà. Ọ̀nà ṣí fún un. Ó lọ síwájú àwòrán náà. Gbogbo wa rò pé ẹnu ògiri ló fẹ́ wò. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó fi ìka kan Àsímáù láàárín aṣọ tó sá, ó sì yíjú sí mi.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ kùn," ó ní. "Bàbá Àtíìsì, ẹ kun ojú ewúrẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò kun ojú rẹ̀?"

Wọ́n gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi fún ìwádìí, kò tíì padà títí di òní. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹnjiníà, àwọn mìíràn wá tún ògiri náà mọ, irin ni wọ́n fi há inú rẹ̀. Ohun tó kù láàárín Ẹnjiníà àti ìjọba, n kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ orúkọ Àsímáù sára pátákó kékeré náà, Mùmíní sì gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ máa ń gba ojú ẹni díẹ̀díẹ̀. Alágbàfọ̀ á máa rí àbàwọ́n, awakọ̀ á máa rí kòtò, èmi ń rí àwọ̀. Ẹ máa bẹ Ọlọ́run kí ó fi ojú díẹ̀ sílẹ̀ fún yín tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí a sin Àsímáù, Mùmíní wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n kun ojú Àsímáù fún òun. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó wọn ti bá àpótí lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà nínú fóònù Ràmátù, ọmọ wọn, Àsímáù fi ọwọ́ bo ojú níbẹ̀, nítorí kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun.

Mo ní, "Kò le." Mo gbé pátákó síwájú, mo mú ẹfun. Ọwọ́ mi dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kí obìnrin yìí láràárọ̀, n kò rántí ojú rẹ̀. Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí àwọ̀ ìborùn rẹ̀, irú búlúù tó jẹ́. Ojú kò sí. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí ògiri ya lọ.

Mo sọ fún Mùmíní bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó ránṣẹ́ sí Ràmátù lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Òkè-Oyi. Ọmọ náà, tí wọ́n ní ó jọ ìyá rẹ̀, wá jókòó níwájú mi, bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àpótí, ó ń darí mi bí ẹni ń darí afọ́jú.

"Iwájú orí ìyá rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ."

"Báyìí?"

"Ó ku díẹ̀. Àpá kan wà létí ojú òsì rẹ̀, kékeré, wáyà tí a ń sá aṣọ sí ló ta á. Imú yẹn, tèmi ni Ràmátù jogún, ẹ má kun ìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Mo fi ọ̀dà kan ìsàlẹ̀ ètè, mo dúró kí ó sọ̀rọ̀. Mo yíjú wò ó. Ó ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́."

Ràmátù dìde wá wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ènìyàn tó ń kọjá lórí bíríìjì ti ń dúró, wọ́n ń na ọrùn wo inú ṣọ́ọ̀bù. Mùmíní rí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àtíìsì," ó ní, "ẹ bá mi yí i kojú sí ògiri títí yóò fi gbẹ. Kì í fẹ́ kí ènìyàn máa wo òun."

Mo yí i. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sínú kẹrosíìnì, mo jókòó tì wọ́n, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ẹ̀yìn pátákó. Láti ọjọ́ náà, n kò tún kun nǹkan kan mọ́.